Bàbá Kò-Kú Kò Gbà Kí Ìwé Parí Bẹ́ẹ̀

Ọdún tí ọmọ inú ọkọ̀ ojú omi rì, tí káfíńtà sì fà á yọ padà, ni wọ́n ti sọ káfíńtà ní Bàbá Kò-Kú. Orúkọ náà kò sì bọ́ lára rẹ̀ mọ́ títí ó fi wọ ilẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ Òǹkàwé ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn ìwọ̀nba ènìyàn tí wọ́n máa ń péjọ sí yàrá ìkàwé ní ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn ọdún. Àṣà wọn ni pé kí oníkálukú dìde, kó gbé ìwé tó fẹ́ràn jù lọ nínú ọdún náà sórí tábìlì, kó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí àwọn tó kù lè mọ èyí tí wọn yóò yá kà bí ọdún tuntun bá wọlé. Nígbà tó kan káfíńtà, ó gbé ìwé kan kalẹ̀ tó dá lórí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó sọ bí ìjì ṣe dé, ó sọ bí ọkọ̀ ṣe fọ́, àwọn obìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wá ní ọmọ náà di pákó kan mú, ó léfòó lórí omi di àfẹ̀mọ́júmọ́, apẹja kan sì gbé e. Nígbà tí wọn yóò fi gúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ ti wà létí omi, ó ń sá aṣọ. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìyá Tíṣà tó jẹ́ alága ẹgbẹ́, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sẹ́ni tó rí omi lójú rẹ̀ rí, fun imú sínú etí gèlè rẹ̀, ó sì yá ìwé náà lọ sílé lójú ẹsẹ̀.

Ọdún tuntun kò tíì gbó rárá tí Ìyá Tíṣà fi yọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ìwé náà lábìyá rẹ̀.

“Káfíńtà, ọmọ yìí kú.”

Káfíńtà kò gbé ojú kúrò lára pákó tó ń fá. “Ọmọ wo nìyẹn, mà?”

“Ọmọ inú ọkọ̀. Ó rì. Ìyá rẹ̀ rì. Ọ̀gá ọkọ̀ rì. Ológbò tó ń pa eku nínú ọkọ̀ pàápàá rì. Kò sẹ́ni tó yè nínú ìwé yìí àfi ẹni tó kọ ọ́.”

Káfíńtà nu ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, ó sì wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé àga tí ẹlòmíràn kàn wọ́gọwọ̀gọ wá bá pé kó tún un ṣe. Ó bi Ìyá Tíṣà bóyá pákó ni wọ́n fi kan ọkọ̀ náà àbí irin. Ìyá Tíṣà ní pákó ni. Ó bi í bóyá ó fọ́ lóòótọ́. Ìyá Tíṣà ní ó fọ́ yángá.

“Ṣé ẹ wá rí i báyìí, mà. Ibi tí ọkọ̀ onípákó bá fọ́ sí, pákó á kún orí omi. Ọmọ tó lọ́wọ́ méjì, kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní di ọ̀kan mú?” Ó pa ìwé náà dé, ó dá a padà jẹ́jẹ́. “Ọmọ náà kò kú. Ẹni tó kọ ìwé yìí kàn tètè lọ sílé ni.”

Ìyá Tíṣà ru ọ̀rọ̀ náà káàkiri àdúgbò, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dun wọn, orúkọ Bàbá Kò-Kú sì fìdí múlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó káfíńtà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó ń ṣa ìṣó tó wọ́ kúrò láàárín èyí tó tọ́, ó sì gbọ́ bí ohùn ọkọ rẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ nígbà tó ní ọmọ náà kò kú. Ó mọ ọmọ tí ọkọ òun ń sọ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Olúwa fi jíǹkí wọn. Ibà ló mú un lọ, kí ó tó dàgbà tó ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé ìdimú ilẹ̀kùn láì na ẹsẹ̀. Àwọn káfíńtà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n ní kó jókòó, kó jẹ́ kí àwọn bá a kan pósí náà, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó fá pákó yẹn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rọ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó ń wá ibi tó lè gún ọmọ lára. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ kí ó sọ ìwé kan parí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà pẹ̀lú, kò yé pe ìyàwó rẹ̀ ní Ìyá Ọmọ. Gbogbo ayé ti dáwọ́ orúkọ yẹn dúró nítorí àánú. Òun nìkan ló ń pè é lọ, bí ẹni pé ọmọ náà kàn jáde lọ jíṣẹ́.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ ṣe òfin nítorí ènìyàn kan: kí olúkúlùkù sọ ìwé bó ṣe wà, kó má ṣe fi ohunkóhun kún un, kó má sì ṣe mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Káfíńtà ni ẹni àkọ́kọ́ tó nawọ́ pé òun fara mọ́ ọn. Nígbà tó kàn án, ó mú ìwé ológun kan tó ń ti ojú ogun bọ̀ wá sílé, ó sì sọ ọ́ láì ṣi ọ̀rọ̀ kan, débi pé Ìyá Tíṣà tó ń fi ìka tẹ̀ lé e nínú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí mi orí pé ó dára. Ológun náà rìn, ó rìn, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó di ìdimú ilẹ̀kùn mú. Káfíńtà bá jókòó.

Ìyá Tíṣà ní, “Ó kù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ó kù. Ṣùgbọ́n ó ti rìn púpọ̀. Ẹ jẹ́ kó di ilẹ̀kùn mú ná.”

Òfin kò rí i mú. Kò fi nǹkan kún un, kò sì parọ́. Láti ìgbà yẹn, nínú ẹgbẹ́ náà, ológun yẹn ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó láyà láti jẹ́ kó wọlé.

Nígbà tí wọn kò tún fún un láyè nínú ìwé tirẹ̀, ó yí sí ti àwọn ẹlòmíràn. Lọ́dún kan, apòògùn dìde láti sọ ìwé obìnrin kan tí ikọ́ ń ṣe. Kò tíì rìn jìnnà tí ọwọ́ káfíńtà ti wà lókè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá fèrèsé yàrá obìnrin náà ń ṣí. Apòògùn ní fèrèsé kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Káfíńtà ní kí ni wọ́n wá ń fún un lò. Èyí dun apòògùn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ohun tí àwọn ará ayé àtijọ́ yẹn ń fún un kò dára, pé ká ní ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n gbé e wá ni, báyìí báyìí ni òun ì bá ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka oògùn sílẹ̀, ti òwúrọ̀ àti ti alẹ́, èyí tí yóò jẹun kó tó lò àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ fi wàrà lò. Nígbà tí àwọn méjèèjì fi máa tọ́jú obìnrin náà tán, apòògùn ti gbàgbé láti jẹ́ kó kú.

Olùtọ́jú yàrá ìkàwé, ọ̀dọ́mọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, ni kò rí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ náà ní tirẹ̀. Ó ń rí i pé léraléra ni ẹnì kan ń fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ìwé yàrá ìkàwé, tó jẹ́ ti ìjọba. “Ó sàn lẹ́yìn náà.” “Wọ́n padà rí ara wọn.” Nínú ìwé kan tí wọ́n ti yẹgi fún olórin kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Okùn já.” Kò wá ẹni tó ṣe é jìnnà, nítorí ọkùnrin kan ṣoṣo ni pẹ́ńsùlù ń gbé lẹ́yìn etí rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́ kó gbogbo ìwé náà lọ, kí ó pa ohun tó kọ rẹ́. Káfíńtà tọrọ àforíjì, ó kó wọn lọ, ó sì ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú ohun èlò tó mọ̀ ọ́n lò jù, ìyẹn pépà oníyanrìn tó fi ń ha pákó. Nígbà tó dá wọn padà, ohun tó kọ ti lọ pátápátá. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé náà kọ ti bá a lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ni ẹni tó ń lọ bẹ olùtọ́jú ìwé lẹ́yìn irú nǹkan báyìí. Òun ní tirẹ̀, kì í fi ìwé ṣeré. Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ kà, kí ohunkóhun má baà tún bá òun lójijì mọ́. Ètò kan sì wà láàárín òun àti ọkọ rẹ̀ tí wọn kò fi ẹnu sọ rí: bí ọkọ bá mú ìwé tuntun wọlé, yóò gbé e fún ìyàwó, ìyàwó yóò ka ìparí rẹ̀, yóò sì dá a padà. Bó bá ní, “Ẹ lè kà á,” ó dára. Bí kò bá sọ nǹkan kan, káfíńtà yóò mú pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí rẹ̀, yóò gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kó mú, kó tó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Wọn kì í jà, àfi lórí àpótí ìwé. Káfíńtà ti kan pósí ara rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ó ní òun kò ní gbà kí ẹlòmíràn tún kàn án fún ìdílé òun ní wọ́gọwọ̀gọ. Ṣùgbọ́n kò lè fara da kí pákó dáadáa máa wà lásán. Ó gbé e nàró sí yàrá àlejò, ó fi pákó pẹlẹbẹ dábùú inú rẹ̀, ó to ìwé rẹ̀ sí i. Àlejò á wọlé, á ní àpótí ìwé yìí mà dára o, á bèèrè bóyá káfíńtà lè kan irú rẹ̀ fún òun. Káfíńtà á sì yọ okùn ìwọ̀n lápò, á ní kí àlejò náà jọ̀ọ́ kó kọ́kọ́ dìde dúró dáadáa.

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gbé e kúrò. Ó ní, “Káfíńtà, ojú mi kò kúrò lára rẹ̀.” Káfíńtà ní ìwé ló wà nínú rẹ̀ báyìí, kò sí òkú. Ó ní ohun tó wà nínú nǹkan náà ni kí á máa wò. Àwọn méjèèjì jùmọ̀ gba Olúwa gbọ́, wọ́n jùmọ̀ ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ti ọkọ dà bí ilé tó ti ń gbé inú rẹ̀, ti ìyàwó sì dà bí ilé tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí àìsàn dá káfíńtà dùbúlẹ̀ lọ́dún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ìwé kan ló mú dání lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkùnrin kan tó ń tan àtùpà ní ibùdókọ̀ ojú irin ni ìwé náà dá lé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti lọ sí ìlú òkèèrè, ó sì ní òun ń bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni bàbá náà ń tan iná, tí ó ń wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Káfíńtà fẹ́ràn ọkùnrin yìí bí ẹni pé wọ́n jọ jẹun rí. Ó ní nínú gbogbo ìwé tí òun kà lọ́dún náà, èyí ni òun yóò gbé kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ka ojú ìwé tó gbẹ̀yìn bó ṣe máa ń kà á, kò sì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ káfíńtà kò lágbára tó láti gbẹ́ pẹ́ńsùlù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí ibùsùn, ìwọ̀nba ojú ewé díẹ̀ ló sì kù.

“Ìyá Ọmọ,” ó ní, “ṣé ọmọ náà dé?”

Obìnrin náà kò pa irọ́ rí nípa ìwé. Ó tún aṣọ ìbora ṣe lọ́rùn ọkọ rẹ̀. “Ẹ kọ́kọ́ sùn díẹ̀. Bí ẹ bá jí, màá sọ fún yín.”

Káfíńtà rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa nítorí pé ọgbọ́n tirẹ̀ ni. Ó sùn. Kò jí. Bàbá Kò-Kú kú.

Wọ́n kó ìwé jáde nínú àpótí, wọ́n yọ àwọn pákó ìdábùú, wọ́n gbé ọkùnrin náà sínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ṣe é wẹ́kú. Àwọn ìwé wà ní ilẹ̀ yàrá àlejò láti ọjọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá lọ sí yàrá, ó ń gba àárín wọn kọjá bọ̀, kò sì fọwọ́ kan ìkankan. Ní ìjókòó ìsìn, orin kò wọ ẹnu rẹ̀. Nínú àdúrà, ètè rẹ̀ a máa mì láì sí ohùn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀: ṣé irú òpin tí Ó kọ fún wa nìyí?

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Tíṣà ṣe wọlé wá bá a bí ọdún ṣe ń parí lọ. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà láàárín àwọn ìwé, ó jókòó, ó sì sọ ohun tó gbé e wá. Ẹgbẹ́ ti kéré. Àwọn kan ti kó lọ, àwọn kan ní àwọn kò lè wá gbọ́ ìwé mọ́ níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò ba òpin rẹ̀ jẹ́. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n tú u ká. Ó fẹ́ kí ìyàwó káfíńtà wá bá wọn sọ ìwé ọkọ rẹ̀.

“Mà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà,” obìnrin náà wí. “Òun ló mọ̀ ọ́n.”

“Ta ló ní kí o yí i? Òfin ṣì wà.” Ìyá Tíṣà gbọ́n eruku kúrò lórí ọ̀pá rẹ̀ níbi tí eruku kò sí. “Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kí o sọ ọ́, ìyàwó wa. A máa fara dà á.”

Ìyàwó káfíńtà lọ nígbà tí ọjọ́ pé. Àwọn tó jókòó kò kún àga tí káfíńtà kàn fún yàrá náà, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó sí ipò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé ìwé kalẹ̀, ó sọ nípa ọkùnrin alátùpà, ìrọ̀lẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó dé ibi tí ọkọ̀ ojú irin tó gbẹ̀yìn ti dé. Gbogbo yàrá mọ̀ pé ibí ni ọkọ rẹ̀ ì bá ti jókòó. Obìnrin náà kò jókòó.

“Ọkọ̀ náà kò dúró,” ó ní. “Ọmọ náà kò sọ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ pa àtùpà, ó lọ sílé. Ó parí.”

Olùtọ́jú ìwé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá Tíṣà tó ń ṣọ́ òfin sún ara sókè lórí àga.

“Wọ́n ní ọkọ̀ yẹn kò dúró, mo gbọ́. Ṣé wọ́n ní ọmọ náà wà nínú rẹ̀?”

“Wọn kò sọ, mà.”

“Ṣé wọ́n ní ọkọ̀ kò ní wá lọ́jọ́ kejì?”

“Wọn kò sọ ìyẹn náà.”

Apòògùn bá dá sí i. Ó ní ẹni tó bá mọ ọkọ̀ ojú irin kò lè torí ìrọ̀lẹ́ kan sọ̀rètí nù. Olùtọ́jú ìwé fi ohùn kékeré sọ pé bóyá ọmọ náà ti sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó ṣáájú, pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀. Ìyá Tíṣà ní kò ṣeé ṣe, pé ta ló ń fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹrù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó rí ẹni gbé e. Apòògùn ní irú ẹni wo, ní ojú ọ̀nà tó ṣókùnkùn? Ìyá Tíṣà lu tábìlì. Ó ní bàbá rẹ̀ ló fà á, ta ló ní kó pa àtùpà. Láìpẹ́, gbogbo wọn ti ń jà, wọ́n ń fa ọmọ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ọ̀nà, wọ́n ń wọ bàtà fún un, wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Nígbà tí apòògùn bèèrè bóyá ọmọ náà mú oògùn ikọ́ dání, ìyàwó káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún láàárín ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dákẹ́.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí wọ́n bá òun wá pẹ́ńsùlù. Olùtọ́jú ìwé wo Ìyá Tíṣà, nítorí ìwé ìjọba ni.

“Fún un,” Ìyá Tíṣà wí. “Ẹni tí ì bá fi yanrìn ha á ti lọ.”

Obìnrin náà kò kọ ọ́ pé ọmọ náà dé. Kò lè jẹ́rìí sí ohun tí kò rí. Ó rò ó pẹ́, ó sì kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà: “A ṣì ń retí rẹ̀.” Ìyá Tíṣà gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó kà á, ó tún un kà.

“Èyí kò tako òfin,” ó ní, ó sì tún fun imú sínú etí gèlè.

Ó ṣì kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tí obìnrin náà dé ilé. Kò sí ohùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé àwọn ìwé wà nílẹ̀ níbẹ̀, àti ògiri tí àpótí ti ṣí kúrò lára rẹ̀. Ó di ìdimú ilẹ̀kùn mú, kò sì lè ṣí i. Ó wá rántí ológun yẹn, pẹ̀lú gbogbo ọdún tó ti lò lẹ́nu ọ̀nà, àti ohùn ọkọ rẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un pé ó ti rìn púpọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó di ilẹ̀kùn mú ná. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e wọlé. Lẹ́yìn náà, ó ṣí i, ó wọlé, ó tẹríba, ó sì mú ìwé àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀.